Owó Ọkọ̀, Wákàtí Ojú Ọ̀nà àti Ìbò Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níwájú ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Nyanya, Mararaba àti agbègbè wọn

Àwọn baba ńlá Yorùbá ní àjò kò lè dùn dùn dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n àjò kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síhìn-ín ń rìn lójoojúmọ́ tí wọn kì í kà sí àjò rárá: àjò láti ilé dé ibi iṣẹ́.

Òṣìṣẹ́ tó ń gbé Mararaba ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, kí ó lè dé ọ́fíìsì ní aago mẹ́jọ. Ọmọ rẹ̀ kò tíì jí nígbà tó jáde. Ọmọ náà á ti sùn kó tó wọlé. Ó gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá dé títì ńlá, ó bá ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn du bọ́ọ̀sì, ó sì ń gbàdúrà kí ọkọ̀ tó wọ̀ má lọ jẹ́ ti àwọn ọlọ́ṣà tí wọ́n ń pè ní wan-ṣáànsì. Lẹ́yìn náà ni sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ yóò gbà á lálejò. Ewu tó wà nínú ìrìn yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2014, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, bọ́ǹbù bú ní ibùdókọ̀ Nyanya, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 70. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìpìlẹ̀. Ọdún 1976 ni òfin sọ Àbújá di ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà. Ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991 ni ìjọba kó kúrò ní Èkó pátápátá. Òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n owó ilé ìgboro kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ọ̀gá wà nínú ìgboro, mẹ̀kúnnù wà lẹ́yìn odi, títì kan ṣoṣo sì ń kó wọn pàdé.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo tí kò tó náírà 200 di náírà 617 ní Àbújá kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, ó sì tún gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Ní oṣù Keje, ọdún 2024, òfin gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti náírà 30,000 sí 70,000. Inú òṣìṣẹ́ dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìṣirò sọ̀rọ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ń san náírà 1,000 ní àlọ àti 1,000 ní àbọ̀, náírà 2,000 ni lójúmọ́. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 20 nínú oṣù, ó di náírà 40,000. Bí 40,000 bá kúrò nínú 70,000, náírà 30,000 ló kù: iye tó ń gbà kí wọ́n tó fi kún un gan-an nìyẹn. Ojú ọ̀nà ti gba gbogbo àfikún náà kó tó délé.

Owó nìkan kọ́. Wákàtí méjì ní àlọ, wákàtí méjì ní àbọ̀, wákàtí 80 ni lóṣù. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, oníwákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, ni òṣìṣẹ́ ń lò lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì láìsí ẹni tó ń sanwó rẹ̀ fún un.

Ìjọba ṣe ọkọ̀ ojú irin sí Àbújá. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018, ó dáwọ́ dúró ní 2020, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024. Nǹkan bí kìlómítà 45 ni, ó sì so àárín ìgboro mọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú àti apá Kubwa. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kò dé Nyanya, kò dé Mararaba.

Ǹjẹ́ ó di dandan kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa jáde lójoojúmọ́? Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ láti ipele 12 sísàlẹ̀, tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe kòṣeémánìí, dúró sílé. Ṣùgbọ́n dídúró sílé kọ́ ni ṣíṣiṣẹ́ láti ilé. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ wà nínú kọ́ńbọ́ọ̀dù ọ́fíìsì kò lè ṣiṣẹ́ lórí ibùsùn. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2023, ìjọba Kwara àti ti Edo dín ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ń lọ sí ọ́fíìsì kù láti márùn-ún sí mẹ́ta. Bí irú èyí bá wáyé ní Àbújá, òṣìṣẹ́ tí ìṣirò rẹ̀ wà lókè yìí yóò san 24,000 dípò 40,000. Náírà 16,000 yóò padà sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀ jẹ. Nọ́ọ̀sì kò lè gún abẹ́rẹ́ láti ilé, ọlọ́dẹ kò lè ṣọ́ ọgbà láti ilé, ìyá olóúnjẹ tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kò sì fẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ jókòó sílé. Bí ọ́fíìsì bá sì gbé iṣẹ́ lọ sílé òṣìṣẹ́ láìgbé owó iná àti ti dátà tẹ̀ lé e, ẹrù kan náà ló kúrò lórí bọ́ sí èjìká. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì ni: kí ẹni tó lè ṣiṣẹ́ láti ilé ráyè ṣe é, kí ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde rí ọkọ̀ tó dára wọ̀ ní owó tó mọ níwọ̀n.

Ta ni òṣìṣẹ́ yóò bi léèrè? Mararaba wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Karu, ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa. Lafia ni gómìnà rẹ̀ ń gbé. Nyanya wà lábẹ́ Àbújá, níbi tí mínísítà tí Ààrẹ yàn ti ń ṣàkóso. Títì tó so méjèèjì pọ̀ dé Keffi, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọmọ tó ní baba mẹ́ta lè febi sùn, bí baba kọ̀ọ̀kan bá rò pé èkejì ti bọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni káàdì ìdìbò ti wúlò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé Mararaba tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin tàbí Òṣogbo. Àwọn mìíràn forúkọ sílẹ̀ nítòsí ọ́fíìsì. Bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ ìdìbò, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn. Káàdì á wà nínú àpótí, olówó rẹ̀ á jókòó sílé. Ẹni tí ìyà rẹ̀ wà ní Mararaba, tí ìbò rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, olùdíje wo ni yóò kà á sí níhìn-ín?

Kí onítọ̀hún tọ ọ́fíìsì INEC lọ ní ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gbé, kí ó béèrè fún ìyípadà ibùdó ìdìbò, kí àkókò tó lọ. Kí ó má forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì o, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin.

Nígbà tí àwọn olùdíje bá sì dé pẹ̀lú ìrẹsì àti ankárá, ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n ti wá, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi wọ́n. Kí ni wọn yóò ṣe sí ọkọ̀ èrò láàárín Mararaba àti ìgboro? Ta ni yóò bá Lafia, Àbújá àti ìjọba àpapọ̀ jókòó pọ̀ lórí títì yìí? Iṣẹ́ ìjọba wo ni wọn yóò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa ṣe láti ilé, ta ni yóò sì sanwó iná rẹ̀? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà pamọ́.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹ̀yin tó máa jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ lọ́la, ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire.