Kí Ọmọ Ajá Tó Di Ajá Ọdẹ

  

Ọ̀rọ̀ tòní wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan tó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó ra ọmọ ajá kan, ó fẹ́ kó di ajá ọdẹ. Nígbà tí ajá náà pé oṣù márùn-ún, ó mú un tẹ̀lé àwọn ọdẹ lọ sínú igbó. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ajá sá wálé, ó kó sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí ìbọn báyìí, ìrù á ti wọ àárín itan. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tà á?"

Ẹ̀yin ará ilé, gbogbo wa la mọ ibi tí ajá tí a bá tà ní agbègbè wa sábà máa ń lọ. Bí kò bá lọ sídìí Ògún, á lọ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè kékeré kọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú yín rìnrìn àjò díẹ̀. Ní Alaska, lápá àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n máa ń fi ajá fa ọkọ̀. Ọkọ̀ náà kò ní táyà, orí yìnyín ló ti ń yọ̀. Wọ́n á de okùn fífẹ̀ mọ́ àwọn ajá láyà àti léjìká, wọ́n á sì jọ máa fà á lọ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Leonhard Seppala. Ó ní ọmọ ajá kan tó ń jẹ́ Togo. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè Tógò ni wọ́n fi sọ ọ́ o, orúkọ ọ̀gágun ojú omi kan ará Japan ni. Ajá yìí kéré, àìsàn ń ṣe é, ó sì ń da àwọn ajá yòókù láàmú. Seppala ní kò lè wúlò, ó bá fi í ta ẹnì kan lọ́rẹ. Ajá fò gba ojú fèrèsé onígíláàsì jáde, ó sá padà wálé. Nígbà tó pé oṣù mẹ́jọ, ó tún já tẹ̀lé wọn lójú ọ̀nà. Ọ̀gá rẹ̀ so okùn mọ́ ọn láyà, kó lè rójú ráyè. Kí ọjọ́ yẹn tó parí, ajá tí wọ́n ní kò wúlò ti wà níwájú pẹ̀lú olórí àwọn ajá.

Lóṣù Kìíní ọdún 1925, díftéríà, àrùn tó ń dí ọmọdé lọ́fun, irú èyí tó jà ní Kánò ní 2023, bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Nome. Ogún awakọ̀ ajá ló gba oògùn lọ́wọ́ ara wọn, nǹkan bíi 1,085 kìlómítà, wọ́n sì gbé e dé láàárín bí ọjọ́ márùn-ún àti ààbọ̀. Balto ló ṣáájú ní ìpín tó kẹ́yìn, òun ni wọ́n ṣe ère rẹ̀ sí New York lọ́dún yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n Togo, tó ti tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà, ló ṣáájú ní ìpín tó gùn jù lọ. Ká ní wọ́n ti pa á jẹ lóṣù márùn-ún ńkọ́?

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe nídìí ajá. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́. Mo ní ajá kan, Tanímọ̀la. Ẹ mọ̀ pé àwa Yorùbá a máa fi orúkọ ajá bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ajá náà yára, kò bẹ̀rù. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oko ọ̀pẹ, ó lé ọ̀yà kan lọ títí a kò fi gbọ́ ṣaworo ọrùn rẹ̀ mọ́. Mo fọn fèrè títí, ẹnu ń dùn mí. Ọ̀sán ló tó dé, ó ń mirù. Inú ń bí mi, mo já pàṣán, mo nà án dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún lọ. Mo fọn fèrè. Mo gbọ́ ṣaworo rẹ̀ lódìkejì odò, mo sì rí i. Ó dúró, ó wò mí. Ó wá yí padà, ó wọgbó lọ. Lọ́jọ́ kẹta la tó rí i nínú okùn wáyà tí ẹnì kan dẹ sí eteetí oko. Ó ti kú.

Bí àwọn ènìyàn bá ti bi mí, ohun tí mo ń wí ni pé, ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bàbá mi gbọ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Ó gbọ́ fèrè rẹ. Pàṣán rẹ ló rántí."

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò na ajá tó bá padà wá mọ́, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ajá kò mọ̀ pé lílọ lo torí rẹ̀ nà án. Ohun tó mọ̀ ni pé ó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó sì jìyà.

Ó dáa. Báwo la ṣe ń kọ́ ọ?

Èkíní, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ọmọ ajá bá ti já lẹ́nu ọmú, ẹ máa pe orúkọ rẹ̀, ẹ fọn fèrè, kí ẹ tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Bó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá kó àrùn náà, bíi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o.

Èkejì, ẹ so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn nílé, kó máa fi jẹun, kó máa fi ṣeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará ilẹ̀ òtútù ṣe ń ṣe: wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí okùn àyà mọ́ ọmọ ajá lára, kó wá máa wọ́ igi kékeré kan kiri, kó tó kan ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta, ariwo. Bó bá ń jẹun, kí ẹnì kan máa lu páànù lókèèrè. Lọ́jọ́ kejì, kó sún mọ́ ọn díẹ̀. Bí ajá bá gbé orí sókè tí kò padà sórí oúnjẹ, ẹ ti sún mọ́ ọn jù, ẹ padà sẹ́yìn. Ìbọn ló kẹ́yìn, òkèèrè réré ló sì ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹrin, òórùn. Ẹ fi okùn wọ́ awọ òkété gba inú koríko kọjá, kí ẹ fi ẹran díẹ̀ síbi tó parí sí. Ẹ jẹ́ kó fi imú wá a. Bó bá rí i, ẹ yìn ín.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ mú un tẹ̀lé àgbà ajá, kì í ṣe ọmọdé bíi tirẹ̀. Ohun tí àgbà ajá kò bẹ̀rù, ọmọdé kò ní í pẹ́ dẹ́kun bíbẹ̀rù rẹ̀. Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù, nítorí ajá kì í làágùn bíi tiwa, ahọ́n ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹ gbé omi dání. Ẹ sì pè é padà nígbà tó ṣì ń wù ú láti sáré. Kó tó pé ọdún kan, eegun rẹ̀ kò tíì gbó fún iṣẹ́ àṣekára. Lọ́jọ́ tó bá sì bá yín pa ẹran, ẹ fún un ní ìpín tirẹ̀ kí ẹ tó kúrò nínú igbó.

Àbúrò mi, ìdáhùn rẹ nìyí. Má tà á. Ajá rẹ kọ́ ló ya ojo, ìwọ lo yá jù. Gbé ìbọn kúrò lójú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bẹ̀rẹ̀ láti ìdí abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ó lè má di ajá ọdẹ náà o, torí gbogbo ajá kọ́ ló ń ṣọdẹ. Ṣùgbọ́n bó bá ń gbọ́ fèrè rẹ tó ń sáré bọ̀, tó sì ń ṣọ́ ilé fún ọ lóru, owó rẹ kò ṣòfò.

Ibi tí a ó dánu dúró sí lónìí nìyí. Bí ẹ̀yin náà bá ní ajá tó kọ́ yín lọ́gbọ́n, ẹ fi ohùn ránṣẹ́, a ó gbọ́ ọ lórí ètò.