Ẹ Má Fi Owó Ilé Tí Ẹ Kò Tí ì Tà Kọ́lé

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń múra àtifẹ̀yìntì sọ

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ṣe lè kó kúrò nínú ilé rẹ̀ l'Ékòó lọ sí ìlú rẹ̀, nígbà tí owó tí yóò fi parí ilé tòhún wà nínú ilé Èkó tí kò tí ì tà.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Mushin tàbí Agége, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ní ilé tiwọn, kò ṣe ohun tó burú bí ó bá fẹ́ padà sí Ìwó tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ilé di méjì, owó sì jẹ́ ọ̀kan. Bí ó bá ta ti Èkó, kò ní ibi tí yóò sùn. Bí kò bá tà á, kò lè kan òrùlé tòhún. Nígbà náà ni yóò tọ ẹgbẹ́ wá, yóò ní, "Ẹ yá mi lówó. Bí mo bá ti ta ilé mi, n ó san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Gbólóhùn yìí ni mo sábà máa ń bá nídìí gbèsè tí kò wọlé mọ́, bí mo bá ń yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ wò.

ILÉ KÌ Í TÀ BÍ ẸNI TA IṢU

Láti ọdún 1978 tí òfin ilẹ̀ ti jáde, ẹni tó bá ra ilé nílò ìfọwọ́sí Gómìnà kí ìní náà tó di tirẹ̀ pátápátá lójú òfin. Olùrà tó gbọ́n yóò kọ́kọ́ rán lọ́yà lọ wo ìwé ilé náà ní Alausa. Bí ó bá rí i pé rìsíìtì ìdílé nìkan ni onílé ní, tàbí pé orúkọ bàbá onílé tó ti kú ló ṣì wà lórí ìwé, yóò fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, tàbí kí ó dín owó kù gidigidi. A kò tí ì sọ ti ọmọ tí yóò ní òun kò fẹ́ kí bàbá ta ilé, tàbí ti ayálégbé tí kò fẹ́ jáde. Nípa òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, ayálégbé tó ń san owó ọdọọdún yẹ kí ó gba ìwé oṣù mẹ́fà, bí àdéhùn wọn kò bá sọ ohun mìíràn. Ilé lè tà ní oṣù mẹ́ta. Ó sì lè pé ọdún mẹ́ta kí ó tó tà.

Ẹni tí gbèsè bá ń lé ni ó máa ń ta ilé lọ́pọ̀. Olùrà kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢE ÌṢIRÒ

Ẹ jẹ́ kí a fi Lágbájá ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ₦1,500,000 nínú ẹgbẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa, ìlọ́po méjì owó tí ènìyàn fi pamọ́ ni a lè yá a, èyí ni ₦3,000,000. Bí èlé bá jẹ́ náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún, lórí gbogbo owó náà, fún ọdún méjì, èlé di ₦600,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,600,000. Ẹ pín in sí oṣù 24, ó di ₦150,000 lóṣù. Ká ní owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹ́ ₦90,000. Kí ni yóò fi san án? Kí ni yóò jẹ? Kí ni yóò fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?

Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, a ń yọ owó ẹgbẹ́ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ni yíyọ náà dópin. Bí kò bá rí nǹkan kan san, ẹgbẹ́ yóò gba ₦1,500,000 tirẹ̀. Yóò ku ₦2,100,000. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjì ni yóò pín in, ₦1,050,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan lè jẹ́ ìyá tó ń fi owó náà pamọ́ de ilé ẹ̀kọ́ gíga ọmọ rẹ̀. Mo ti rí ọ̀rẹ́ ogún ọdún tó di ọ̀tá lórí irú èyí.

Ṣùgbọ́n bí Lágbájá bá yá ₦600,000 péré, pẹ̀lú èlé kan náà, ₦30,000 ni yóò máa san lóṣù. Ìdá mẹ́ta owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni. Ó lè san èyí bí ilé kò tilẹ̀ tà. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé kò lè san án, owó tirẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ tó o, kò ní kan onídùúró. Òfin tí mo fẹ́ kí a mú lọ ilé nìyí: ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì kò gbọdọ̀ yá ju owó tirẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ lọ, kò sì gbọdọ̀ yá ohun tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò lè san.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èkíní, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ọdún márùn-ún kí ẹ tó fẹ̀yìn tì ni kí ẹ yá owó ìpìlẹ̀ àti ti òrùlé, nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé.

Èkejì, ẹ parí ìwọ̀n tí ẹ nílò. Yàrá méjì, ilé ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi tó fún bàbá àti ìyá. Pálọ̀ ńlá àti òkè ilé lè dúró de owó Èkó.

Ẹ̀kẹta, ẹ tún ìwé ilé Èkó ṣe kí ẹ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ lè bá olùrà ṣe àdéhùn pé kí ó san èyí tó pọ̀ nínú owó, kí ẹ sì máa gbé inú ilé náà fún oṣù mẹ́fà sí i. Kí lọ́yà kọ ọ́, kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i. Ó lè ní kí ẹ dín owó díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ èlé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ lè háyà yàrá méjì nílé fún ọdún kan. Owó háyà ọdún kan ní ìlú wa lè má tó èlé ẹ̀yáwó ńlá.

Ẹ̀kẹfà, ẹ béèrè owó yín. Ẹni tí wọ́n ti ń yọ 2.5 lórí ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fún àpò owó ilé kíkọ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀, lè gbà á padà pẹ̀lú èlé bí ó bá fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ pàtó lé owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ti dúró fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó rí tiwọn gbà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ìwé ilé lọ fún olówó sógúndogójì. Ẹni tó yá ogún tó ń san ogójì, ilé ni yóò fi dí i.

SÍ Ẹ̀YIN ÌGBÌMỌ̀

Bí ẹni tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì bá béèrè ẹ̀yáwó, ẹ bi í léèrè owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ẹ pe àwọn onídùúró wá, kí ẹ ka iye tó lè kan olúkúlùkù sí wọn létí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá sọ pé kò ṣeé ṣe, ẹ kò ṣìkà. Owó ọlọ́mọ ni ẹ ń ṣọ́.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan sílẹ̀ fún ọjọ́ alẹ́ wa, kí a sì dé ilé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tí a fi ọdún púpọ̀ kó jọ nínú ẹgbẹ́. Alájẹṣẹ́kù kò ní bàjẹ́ o.