"Orí Mi Ń Gbóná": Ọ̀rọ̀ Ẹnu Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì àti Etí Àwa Àgbà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àárẹ̀ ọkàn àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, àti ìtumọ̀ tí ó fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí mo fetí ara mi gbọ́, tí kò sì yé mi, ni ó gbé mi wá síwájú yín.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo ń gbé ní Fọlá Àgòrò, ọmọbìnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gba yàrá kan nínú ilé wa. Gbogbo ilé ni ó mọ làálàá rẹ̀: yóò ti ẹnu iṣẹ́ òru dé ní òwúrọ̀, yóò sì tún tẹ orí ba ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, orí mi ń gbóná. Bí mo bá ṣí ìwé, ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Mo ń kà á, kò wọlé." Mo dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, ṣe ọkàn akin. Lọ sùn díẹ̀, kí o tún un kà." Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Kò bá mi sọ ọ́ mọ́. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó wá sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí ọmọ ọwọ́ kan ti kú lójú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ni kò ti rí oorun sùn.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé èdè tí ọmọ náà sọ kì í ṣe èdè tuntun. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń sọ pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn níbẹ̀, pé àwọn ń kàwé, kò sì yé àwọn. 'Brain fag' ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí. Ní ọdún 1987, Makanjuola kọ̀wé lórí ọdẹ orí, àìsàn tí Yorùbá ti fún ní orúkọ tipẹ́. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí orúkọ wọ̀nyí; ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àníyàn ni ó máa ń gba ara yọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ èdè wa wò. Bí ènìyàn bá ní, "Inú mi bàjẹ́," kò sí ẹni tí yóò rò pé ìfun ni ó ń sọ. Bí ó bá ní, "Àyà mi ń já," a mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní, "Orí mi ń gbóná," ìwé àti oorun nìkan ni a ń rò?

Ẹrù akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì sì ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó ní ìdánwò, ó ní iṣẹ́ òru, ó ń rí ikú nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré, a sì ti kọ́ ọ pé nọ́ọ̀sì kì í sunkún lójú aláìsàn. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀rù pé a ó ní ó ti ń ya wèrè. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ tí ó wà ní Yábàá láti ọdún 1907 kò jìnnà sí Fọlá Àgòrò, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ará Èkó ti sọ 'Yaba Left' di èébú. Òfin pàápàá kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń pe aláìsàn ní wèrè.

A kò ṣàìní àpẹẹrẹ rere. Láti ọdún 1954 ni Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, ní Abẹ́òkúta. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ọ̀sán. Lambo mọ̀ pé ènìyàn wà lára oògùn ènìyàn.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ní àgbà kan tí ó lè finú hàn, tí kì í ṣe ẹni tí yóò fún un ní máàkì. Bí aláìsàn bá kú lójú rẹ̀, kí ọ̀gá wọ́ọ̀dù mú un jókòó lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin òbí àti onílé, ẹ bèèrè ìbéèrè kejì tí èmi kò bèèrè: "Láti ìgbà wo? Kí ni ó ṣẹlẹ̀?" Bí ó bá sì yẹ bẹ́ẹ̀, ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Orí aláìsàn ni a máa ń ka òwe yìí sí. Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dákẹ́. Èmi tí ó sọ ọ́ fún ni n kò gbọ́.