Ta Ló Ń Dá Ẹsẹ̀ Lóhùn?

 

Ìwé tí ẹ fi pè mí wá sí àpéjọ ẹgbẹ́ yín sọ pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ijó Yorùbá tó ń kú lọ, kí n sì fi Ṣómólú àti Bàrígà ní Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Mo gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n n kò gba àkọlé yẹn. Ijó kò kú ní Bàrígà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí ọmọ ọdún méje tó ń gbẹ́sẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, ẹ ó sì dúró wò ó títí ọkọ̀ yóò fi fi yín sílẹ̀. Nǹkan kan ń ṣàìsàn lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rọra dé ibẹ̀.

Àwọn ọmọ yín ń kọ́ ijó ní ilé ẹ̀kọ́ níbí ní òkèèrè. Wọ́n ti kọ́ wọn pé ìpìlẹ̀ ijó ni ara, ohun tí ara ń ṣe, àyè tó ń lò, àkókò tó ń tẹ̀ lé, àti agbára tó ń fi ṣe é. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó la ọ̀nà rẹ̀ ni Rudolf Laban, tí wọ́n bí ní 1879. Ní 1928 ó gbé ìlànà kan jáde tí a lè fi kọ ijó sórí ìwé bí a ṣe ń kọ orin, kí ẹni tí kò rí ijó náà rí lè kà á, kó sì jó o.

Tiwa kò sí nínú ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ṣómólú mọ Alájọ Ṣómólú, Alphaeus Taiwo Olunaike, tí àwọn èèyàn ń sọ pé ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Títí di òní, ẹni tí làákàyè rẹ̀ bá já fáfá, a máa ń ní orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú. Irú orí bẹ́ẹ̀ ni ijó wa ń bá gbé. Orúnkún ló ń rántí, èjìká ló ń ṣírò. Ìdí nìyí tí ìyá àgbà tí kò mọ ohun tó jẹ lánàá fi lè gbọ́ ìlù gángan lónìí, kó sì gbé ẹsẹ̀ tó kọ́ nígbà tó wà ní wúńdíá.

Kí ni orúnkún ń rántí? Ẹ wo ẹni tó mọ ijó. Orúnkún rẹ̀ kì í le. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ìbàdí yọ sẹ́yìn, àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń fún un lágbára. Ara ń gbóná, ojú tutù. Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yale, tó kọ ìwé African Art in Motion ní 1974, kò yéé tẹnu mọ́ ìtutù ojú yìí. Báléẹ̀tì àwọn aláwọ̀ funfun ń wá bí yóò ṣe kúrò lórí ilẹ̀. Tiwa ń bẹ ilẹ̀ wò. Kì í ṣe pé ọmọ wa kò lè ṣe tiwọn o. Ní 2020, ọmọkùnrin kan láti Leap of Dance Academy ní Àjáǹgbàdì jó báléẹ̀tì lẹ́sẹ̀ lásán nínú òjò, gbogbo ayé sì wo fídíò náà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìwé Laban kò fi ṣe olórí, tí ó jẹ́ olórí lọ́dọ̀ tiwa: ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Dùndún ní ọsán, ìyẹn okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀. Bí onílù bá fún un mọ́ra, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ó sì lè fà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìjá, bí ẹnu èèyàn gan-an. Nítorí náà, ijó dùndún máa ń rọ̀. Èjìká á máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ á máa wọ́lẹ̀, bàbá olówó á na apá agbádá sọ́tùn-ún, á na án sósì, á ṣe bí ẹni tí kò kánjú. Bàtá kò ní ọsán tí à ń fún báyẹn. Ojú òjò rẹ̀ tóbi, ṣáṣá rẹ̀ kéré, bílálà ni wọ́n fi ń na ṣáṣá. Ohùn kò lè yọ́ láti ojú kan dé èkejì. Ó gbọ́dọ̀ fò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe bàtá ní akólòlò. Ijó rẹ̀ náà ń kólòlò: èjìká á já, ẹsẹ̀ á ta, ara á dúró gbọn-in, á tún ta. Bí ìlù bá ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ara ṣe ń jó. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ dùndún bọ́ sójú agbo bàtá, kódà bó wọ aṣọ tó gbówó lórí jù lọ, onílù á mọ̀, Ṣàngó á sì mọ̀. Ìlù ìgbìn ti Ọbàtálá ní ijó tirẹ̀, àgẹ̀rẹ̀ àwọn ọdẹ ní tirẹ̀, gbẹ̀du ọba ní tirẹ̀. Bí n bá ní kí n máa tò wọ́n, oúnjẹ ọ̀sán yín á tutù.

Àpẹẹrẹ tó yé mi jù lórí bí ara ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìlù ni ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà pàtàkì ní 2001, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé ogún àṣà ọmọ aráyé ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀. Ìlù á sọ gbólóhùn kan, ẹsẹ̀ á sì tẹ ìró ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè parí pọ̀. Ijó ni, àkàtúnkà ọ̀rọ̀ sì ni.

Àwọn kan rò pé nígbà láéláé, ijó wa dúró sójú kan, pé àwọn ọmọ ìgboro ìsinsìnyí ló wá bà á jẹ́. Irọ́ ni. Ní oṣù kejì ọdún 1826, àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò méjì, Hugh Clapperton àti Richard Lander, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé ní ààfin Aláàfin, àwọn eégún alárìnjó sì ṣeré níwájú wọn. Clapperton kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àwọn kan jó nínú àpò, ọ̀kan di òjòlá, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan yọ tó funfun látòkèdélẹ̀, tó rù, tí òtútù ń mú, tó ń fín aáṣà, tó ń fọwọ́ ra ọwọ́, tó ń rìn bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Àlejò gan-an ni wọ́n ń sín jẹ lójú ara rẹ̀! Àwọn baba ńlá wa rí ohun tuntun, wọ́n fi jó kíá. Ohun tí ọmọ Bàrígà ń ṣe náà nìyẹn nígbà tó bá rí bí kọ́ńdọ́kítọ̀ ṣe ń dirọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dáńfó, tó sì sọ ọ́ di ẹsẹ̀ ijó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ sì mọ irú ibi tí àdúgbò yẹn jẹ́. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ń tẹ̀ káàdì ìgbéyàwó tọ̀sán-tòru. Àwọn Ìlàjẹ wà létí ọ̀sà. CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, wà ní Bàrígà. Yunifásítì Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, wà ní Àkọkà nítòsí. Ọmọ apẹja, ọmọ atẹ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ ń pàdé nídìí búrẹ́dì àti ẹ̀wà kan náà. Ibẹ̀ ni olórin 9ice ti gbéra kó tó gbé orin Gongo Aso jáde ní 2008. Ibẹ̀ ni Olamide ti wá, ibẹ̀ ni Lil Kesh ti wá, tí orin Shoki rẹ̀ gba ìgboro ní 2014, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun nìkan ló kọrin lórí ijó ṣokí. Ijó galala ti wá láti Ajégúnlẹ̀ ní tirẹ̀ ṣáájú, Azonto wá láti Ghana, shaku shaku tẹ̀ lé ṣokí, olórin Zlatan sì gbé zanku dé ní ìparí 2018. Ẹni tó bá ń ka orúkọ wọn, á rẹ̀ ẹ́. Ọdún kọ̀ọ̀kan ló ń bí tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nínú ijó ṣokí, kí ni ẹ máa ń ṣe? Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má tijú, mo rí yín ní àríyá àná. Ẹ̀ẹ́ tẹ orúnkún, ẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ́ fọwọ́ gbá nǹkan nílẹ̀ bí ẹni ń ṣa á, ẹ̀ẹ́ gbé e kọjá níwájú ojú. Ilẹ̀ lẹ tún bẹ̀ wò. Zanku ńkọ́? Ẹsẹ̀ á ta, á dúró, á tún ta, á wá fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ pẹ̀lú ìlù. Ẹni tó bá mọ bàtá á mọ ìbátan wọn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ yẹn kò lọ síbì kankan. Ara rẹ̀ ṣì ń sọ Yorùbá, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ ń sọ èdè mìíràn.

Àìsàn tí mo ní a ó dé ibẹ̀, òun nìyí. Nínú agbo ijó, ohun méjì ló ń sọ̀rọ̀. Ìlù á sọ tirẹ̀, ẹsẹ̀ á fèsì. Ẹsẹ̀ á wá dá tirẹ̀, onílù á gbà á, á fi kún un, á dá a padà. Onílù ń wò ọ́. Bó bá rí i pé ó ti rẹ̀ ọ́, á dẹ ìlù. Bó bá rí i pé o fẹ́ ṣakọ, á pe oríkì bàbá rẹ, o ò sì ní lè jókòó mọ́. Lóde òní, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní sítúdíò ni ẹsẹ̀ ń dá lóhùn, orin náà kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níwájú òun. Lórí TikTok, ẹsẹ̀ kan náà, ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan náà, láti Bàrígà dé Houston. Ẹsẹ̀ ń bèèrè, ta ló ń dá a lóhùn? Ẹnìkan lè sọ pé hypeman wà. Òótọ́ ni, ó ń pariwo. Àmọ́ ẹ fetí sí i dáadáa: owó ọwọ́ yín ló ń kì, kò tíì wo ẹsẹ̀ yín.

Ìdí tí mo fi ní ijó kò kú ni pé àwọn kan ní Bàrígà kò gbà kó kú. Ṣẹ́gun Adéfilá dá ẹgbẹ́ eléré Crown Troupe of Africa sílẹ̀ ní 1996, ó sì fi ibùdó wọn sí Bàrígà. Ijó, orin, ìlù àti ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ ohun kan ṣoṣo lórí ìtàgé wọn. Ṣeun Awóbàjò ní Footprints of David kó àwọn ọmọdé àdúgbò jọ, ó ń kọ́ wọn ní ìlù àti ijó pọ̀. Àwọn ọmọ yẹn mọ zanku bíi ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí onílù bá yí ọwọ́ padà láìròtẹ́lẹ̀, ara wọn á yí padà pẹ̀lú rẹ̀, torí wọ́n kọ́ wọn láti gbọ́ kí wọ́n tó kọ́ wọn láti jó.

Ẹ má sọ pé òkèèrè tí ẹ wà kò gba irú èyí. Àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó lọ sí Kúbà kò mú ìlù dání, síbẹ̀ wọ́n tún bàtá gbẹ́ níbẹ̀: iyá, itótele àti okónkolo, mẹ́ta tó ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí oníjó sì ń dá sí i. Nínú oko ẹrú ni wọ́n ti ṣe èyí. Ẹ̀yin ní físà, ẹ ní ilé, ẹ ní gbọ̀ngàn yìí.

Nítorí náà, àwọn ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé tí àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín ń ṣe fún àwọn ọmọ, ẹ fi onílù kan sí i, kí ọmọ kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ohun tí gángan sọ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ ní ẹsẹ̀ kan. Bí ẹ bá ń pe ẹgbẹ́ eléré láti ilé, ẹ má ṣe ní kí oníjó mẹ́fà wá, kí wọ́n fi ìlù sílẹ̀, pé ẹ̀rọ wà níbí. Tíkẹ́ẹ̀tì onílù lẹ ń dín, ijó lẹ sì dín kù. Ẹ tún bá wa bèèrè orúkọ. Olórin ń gbowó, ẹni tó dá ẹsẹ̀ ijó nígun òpópónà kì í gba kọ́bọ̀. Bí ọmọ yín bá ti rí ijó kan kọ́, ẹ bi í pé ọwọ́ ta ló ti kọ́ ọ.

Èyí tó kù kan ti alẹ́ òní. Mo ti bá ìgbìmọ̀ àríyá sọ̀rọ̀ pé kí DJ sinmi fún wákàtí kan, kí àwọn onídùndún mẹ́ta tó ń gbé ìlú yìí wá gba agbo. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní owó onílù kò sí nínú ètò ìnáwó. Mo ti san ìdajì. Alága wa, ìdajì yòókù dọwọ́ yín, agogo méje ni wọ́n ń bọ̀.