Ẹ̀yáwó Orí Fóònù àti Orúkọ Wa Nínú Ọjà
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún)

   

Ìṣirò owó ọdún wà nínú ìwé yìí kan náà. Akápò ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ, ẹ kà á nílé, ẹni tí kò bá yé kó wá bi wá. Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ fẹ́ bá yín sọ lónìí ni ọ̀rọ̀ fóònù ọwọ́ wa, pàápàá àwọn tó ń yáni lówó láti inú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ó ti ń fa àríyànjiyàn láàrin wa. Àwọn kan ní ẹni tó yá a ni kó fojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ bá wọn san án. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ níbi tí gbogbo wa wà, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ ìsọ̀ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a fẹ́ bú fóònù. Fóònù ti ṣe wá lóore. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GSM ní Nàìjíríà. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó wà ní Òṣogbo tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kókò ti wọ ọjà Atákúmọ́sà, àfi kó wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà. Bí kò bá sì bá ọjà, owó mọ́tò ti wọlẹ̀ nìyẹn. Nísinsìnyí a ó kàn pe oníbàárà wa láàárọ̀ kùtù, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ̀yin àgbà inú wa á rántí pé nígbà náà, bí o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré, owó odidi ìṣẹ́jú kan ni wọn ó gbà. O pè, o ní "Ṣé ẹ ti dé?", o pa á, owó ti lọ. Wọ́n ní kò tíì ṣeé ṣe láti máa ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2003, Glo dé, ìṣẹ́jú-àáyá ló sì fi ń ka tirẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn tó ń jà fún oníbàárà ní kí gbogbo ènìyàn pa fóònù wọn lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ sì pa á. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù náà fi rí i pé ó ṣeé ṣe. A mú èyí wá sí ìrántí nítorí àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé, "Kí la fẹ́ ṣe sí i, àwọn olówó ló ni ín." Ohun tí wọ́n ṣe sí i lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Oṣù kejì ọdún 2023 ló wá sọ gbogbo wa di oní-tíránsífà, a fẹ́ a kọ̀. CBN pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tuntun ò sí, àwọn ènìyàn ò gba ti àtijọ́ mọ́. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó ní kí a ṣì máa ná ti àtijọ́. Kó tó dìgbà yẹn, ata ti jẹrà lórí àtẹ. Láti ìgbà náà ni alẹ́ẹ̀tì irọ́ ti di àrùn nínú ọjà. Lórí ìyẹn, gbólóhùn kan péré la ní: ẹ má fi ohun tí oníbàárà nà sí yín lójú lórí fóònù tirẹ̀ dá ọjà fún un, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì tiyín. Bí ó bá ń kánjú, ẹ jẹ́ kó máa kánjú lọ, kí ọjà dúró.

Ẹ̀yáwó orí fóònù wá ni. Láti nǹkan bí ìgbà Kòrónà, ọdún 2020, ni wọ́n ti pọ̀ bí eṣú. Wọn ò bi ọ́ ní onídùúró, wọn ò bi ọ́ ní pálí, ìṣẹ́jú márùn-ún owó ti dé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò àpò gàrí. Ká ní o fẹ́ yá ₦20,000. Àwọn tó burú nínú wọn á ti yọ èlé àti ohun tí wọ́n pè ní owó iṣẹ́ kúrò kí owó tó dé ọwọ́ rẹ, ₦14,000 ni o ó rí. Lọ́jọ́ keje, o ó dá ₦20,000 padà. ₦6,000 lórí ₦14,000 láàrin ọ̀sẹ̀ kan! Ó lé ní ₦42 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ̀yin aláta, ẹ̀yin oníṣu, èwo nínú ọjà wa ló ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá lọ́jọ́ méje? Gbogbo wọn kọ́ ló rí báyìí o. Àwọn kan gba ìwé àṣẹ, èlé wọn sì mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wọn kì í hàn lójú, àwòrán ọmọge tó ń rẹ́rìn-ín ló wà lára gbogbo wọn.

Èlé náà kọ́ ló tilẹ̀ dùn wá jù. Kí áàpù náà tó ṣí, á bi ọ́ bóyá o gbà kí òun wo orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ènìyàn tó wà nínú fóònù rẹ. Òyìnbó ló fi ń bèèrè, ó sì ń kán ọ lójú, o ó tẹ̀ ẹ́ pé o gbà. Lójú ẹsẹ̀ náà ni wọ́n ti kó o: ọkọ, àna, pásítọ̀, àlùfáà, olùkọ́ ọmọ, oníbàárà. Bí o bá wá yọ áàpù náà kúrò lọ́la, àwọn nọ́ńbà yẹn ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹnì kan nínú wa wà, a ò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní ká sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ń gbóná lóru, ilé ìwòsàn ní kó mú owó wá kí àwọn tó fọwọ́ kàn án. Ó yá ₦15,000 lórí fóònù. Ọjọ́ owó pé, ọjà ò tà, ó fi ọjọ́ méjì kọjá. Ní ọjọ́ kejì yẹn, àwòrán rẹ̀ ti dé orí fóònù nǹkan bí ọgọ́ta ènìyàn, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni, gbájú-ẹ̀ ni, ẹni tó bá rí i kó mú un. Ìyá ọkọ rẹ̀ rí i. Àwọn tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un láwìn láti àwọn abúlé Ìjẹ̀ṣà rí i. Ó san owó náà tán lọ́jọ́ kẹta, pẹ̀lú èlé orí èlé. Àwọn tó rí àwòrán ò gbọ́ pé ó ti san án. Títí di àkókò tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, méjì nínú àwọn tó ń kó ọjà fún un ò tíì gbà láti tà láwìn fún un mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Owó kọ́ ni púpọ̀ nínú wa fi ń ṣòwò, orúkọ ni. Àwọn baba wa ló sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín.

Àwọn kan á ní, ṣebí ẹni tó jẹ gbèsè ló yẹ kí ojú tì. Àwa náà gbà pé gbèsè jẹ́ sísan. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbẹ̀je. Ta ni ó tilẹ̀ kọ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní bí a ti ń sin gbèsè? Àwọn bàbá wa Òṣómàáló gbé aṣọ lọ sí Èkìtì, sí ìlú jíjìnnà, wọ́n tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi. Orúkọ yẹn ló mọ́ wọn lára títí dòní. Ṣáájú wọn, ológò wà, ẹni tí olówó ń rán lọ dógò ti onígbèsè. Á jókòó sílé rẹ̀, á máa pariwo, á mú adìẹ tó bá rí pa jẹ, gbogbo agboolé ló ń jìyà rẹ̀ títí mọ̀lẹ́bí á fi dá owó. Ìyẹn náà ò dáa. Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kò kọjá agboolé yẹn, wọ́n mọ iye tí ó jẹ, wọn ò sì pe onígbèsè lólè. Òṣómàáló kò lọ bá olùkọ́ ọmọ rẹ nílé ìwé. Bí o bá san án, á dìde, á kí ọ, ó tún lè tú aṣọ mìíràn sílẹ̀ fún ọ. Èyí tí à ń rí yìí, ta ló ń dìde nínú wọn? Ẹ ò tilẹ̀ rí ojú wọn.

Òfin sì wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé ọ̀kan nínú wọn nítorí irú ìwà yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, òun àti ICPC wọ ọ́fíìsì àwọn kan ní Ìkẹjà. Láti òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google ti kọ̀ fún áàpù ẹ̀yáwó tó bá wà ní Play Store láti wo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù ẹni. Oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni. Ní oṣù keje ọdún 2025, FCCPC gbé ìlànà tuntun jáde: ẹni tó bá rú u lè san tó ₦100 mílíọ̀nù, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi iṣẹ́ èébú ránṣẹ́, ẹ má pa á rẹ́ nítorí ìtìjú. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ̀rí ni. Ẹ mú un wá sọ́dọ̀ akọ̀wé, a ó bá yín kọ ìwé sí FCCPC. Bí ẹnì kan bá sì fi ìjápọ̀ ránṣẹ́ pé kí ẹ ti ibẹ̀ gba áàpù tí kò sí ní Play Store, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń sá fún òfin ni. Àwọn ọmọ wa lè bá wa wo orúkọ àwọn tó gba ìwé àṣẹ lójú òpó FCCPC kí a tó tẹ ohunkóhun. (Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ má fi fóònù ìyá yín yá owó láti ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. A ti gbọ́ méjì. A ò sì tíì gbàgbé CBEX oṣù kẹrin ọdún 2025, tí àwọn tí owó wọn há fi ń kó àga nínú ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn.)

Ẹ jẹ́ ká wá bi ara wa ní ìbéèrè tó nira. Kí ló dé tí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó ní owó nínú ẹgbẹ́, fi ń lọ yá owó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀? Ìdáhùn méjì la rí. Èkíní, ọjọ́ ìpàdé nìkan ni ẹgbẹ́ ń yáni lówó, àìsàn ò sì mọ ọjọ́ ìpàdé. Èkejì, ẹni tó bá yá owó lọ́dọ̀ wa, gbogbo ilé ló gbọ́, nítorí a ó pe orúkọ, a ó pe onídùúró síwájú. Lórí fóònù, kò sẹ́ni tó rí ọ. Ìkọ̀kọ̀ yẹn ni wọ́n ń tà fún wa, àwọn kan náà ló sì ń tú u síta. Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ má bínú, nínú àwọn obìnrin tó bá wa sọ ọ́, ẹ̀rù yín ló mú púpọ̀ nínú wọn sá lọ sórí fóònù. Bí ìyàwó bá lè sọ nílé pé "owó tán lọ́wọ́ mi," tí wọn ò sì ní pè é ní àpà, ìdajì wàhálà yìí ì bá ti tán.

Àbá ìgbìmọ̀ rèé. A ò fara mọ́ ọn pé kí ẹgbẹ́ máa san gbèsè orí fóònù fún ẹnikẹ́ni. Owó opó wà nínú owó yìí, owó ilé ìwé ọmọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a ya àpò kan sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì, láti inú owó ìtanràn àìtètèdé àti díẹ̀ nínú èrè ọdún yìí. Ọmọ ẹgbẹ́ tí nǹkan bá ká mọ́ lè rí tó ₦20,000 gbà lọ́jọ́ náà gan-an, lóru pàápàá, bí akápò àti ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ bá ti fọwọ́ sí i. Èlé ₦5 lórí ₦100, oṣù kan láti fi san án díẹ̀díẹ̀. A ò ní pe orúkọ ẹni tó bá gbà á nínú ìpàdé, àfi bí oṣù méjì bá kọjá tí kò san. Akápò wa ò tíì fara mọ́ apá ìkẹyìn yìí, ó ní gbèsè tí a bò mọ́lẹ̀ ló ń rà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a sì ní kó dìde sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé.

Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e lórí. Ẹni tí kò bá lè wá, kó fi ìwé rán ọmọ ẹgbẹ́ míì, ẹ má fi alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Ẹ mú pálí yín dání, kí a lè mọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti nàwọ́.