Orúkọ Àwọn Ará Baga

Ọmọdé ni mí láàrin yín. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ fà mí létí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2015, àwọn agbébọn ya wọ ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Charlie Hebdo ní Paris. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ènìyàn 17 ni àwọn apànìyàn ti pa ní agbègbè náà. Ní ọjọ́ 11, olórí orílẹ̀-èdè tó lé ní 40 péjọ síbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ọwọ́, wọ́n rìn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù kan náà, Boko Haram ti kọlu Baga, ìlú àwọn apẹja létí adágún Chad ní ìpínlẹ̀ Borno. Wọ́n lé àwọn ọmọ ogun, wọ́n pa ará ìlú, wọ́n dáná sun ilé. Àwòrán tí a yà láti ojú òfurufú fi hàn pé ilé tó lé ní 3,700 ló bàjẹ́ tàbí tó run ní Baga àti Doron Baga. Ènìyàn mélòó ló kú? Àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ kan ní ó lè tó 2,000. Àwọn ológun ní kò ju 150 lọ. Ẹ wo àlàfo tó wà láàrin iye méjèèjì: ènìyàn 1,850 tí a kò lè fẹnu kò lé lórí bóyá wọ́n kú.

Oníròyìn pọ̀ ní Paris. Ọ̀nà Baga kò ṣe é rìn. Ibi tí kámẹ́rà bá kọjú sí ni ayé ń wò, ibi tí ojú ayé bá sì wà ni owó ìrànwọ́ ń gbà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju ọ̀rọ̀ ẹkún lọ.

Síbẹ̀, n kò wá fi ẹ̀sùn kan òyìnbó nìkan. Ààrẹ wa nígbà náà, Goodluck Jonathan, bu ẹnu àtẹ́ lu ìkọlù Paris. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí Baga. Èmi pẹ̀lú ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí. Mo kọ “Je suis Charlie” sí ojú Facebook mi, èmi tí n kò dé Faransé rí. N kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa Baga. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a pè é.

Ọbàtálá ló mọ ara gbogbo wa, Olódùmarè ló fi èémí sí i. A kò gbọ́ pé amọ̀ ará Paris yàtọ̀ sí amọ̀ apẹja Baga. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, èyí kò sì dín ohunkóhun kù. Bí a bá ń rú ẹbọ fún ènìyàn, a kì í ka owó rẹ̀ sétí Ifá. Orúkọ rẹ̀ ni à ń pè. Orúkọ àwọn tó kú ní Paris wà lákọsílẹ̀. Ta ni nínú wa tó lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú òkú Baga?

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Àwọn tó sá kúrò ní Borno wà láàrin wa, nínú ọjà àti ní ibùdókọ̀. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó pé, kí olúkúlùkù wa fi sùúrù bi ẹnì kan nínú wọn pé ta ni ó pàdánù. Bí onítọ̀hún bá gbà, kí ó kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí a wá pè é níbí, kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí Ifá má ṣe jẹ́ kí á di ẹni tí a kò kà mọ́ ènìyàn. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.