Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Kọfí àti Ààtàn Amukòkò: Ọ̀rọ̀ lórí Ajílẹ̀ Inú Ìlú

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò kò gùn: ǹjẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù lẹ́yìn tí a bá ti sẹ́ kọfí tán lè di ajílẹ̀? Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó kan ará Amukòkò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, níbi tí ilé ti fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àyè ọgbà fi ṣọ̀wọ́n?

Bí èérí ti jẹ́ sí ògì ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí jẹ́ sí kọfí: omi ti gba adùn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ ṣì kù nínú rẹ̀. Bí a bá sá a gbẹ, nínú ìwọ̀n 100, náítírójìn rẹ̀ a máa tó nǹkan bí 2. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí tí wọ́n fi ní kí á dà á sí ìdí ọ̀gbìn lójú ẹsẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ní ọdún 2016, Hardgrove àti Livesley, olùwádìí ní Yunifásítì Melbourne ní ilẹ̀ Australia, tẹ èsì ìwádìí wọn jáde. Wọ́n po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí kò tíì jẹrà mọ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ náà di omi mú dáradára, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gbìn inú rẹ̀ kò dàgbà tó èyí tí a kò fi nǹkan kan sí.

Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú ilẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ohun tó kú, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ilẹ̀dú. Nígbà tí iṣẹ́ yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè fa náítírójìn inú ilẹ̀ sí ara wọn, kí ọ̀gbìn sì pàdánù. Yàtọ̀ sí èyí, kaféènì àti oró mìíràn tí igi kọfí fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ kò tíì tán níbẹ̀.

Àwọn baba wa kò mọ orúkọ náítírójìn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ òfin náà. Wọn kì í retí èso lórí ìdọ̀tí àná. Ẹ̀bá ààtàn tó ti pẹ́ ni elégédé àti tẹ̀tẹ̀ ti ń gbilẹ̀. Ohun tó ti jẹrà ni ilẹ̀ ń jẹ.

Wàyí o, kọfí kọ́ ni ó pọ̀ ní Amukòkò. Èyí tí àwọn onítíì ẹ̀bá ọ̀nà ń pò a máa yòrò sínú omi gbígbóná ni, kì í ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ohun tó pọ̀ níbẹ̀ ni èérí ògì, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti èèpo ẹ̀wà tí àwọn alákàrà ń bó dànù. Òfin kan náà ló de gbogbo wọn. Bí a bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù, wọ́n a dí gọ́tà, àgbàrá a sì wọlé tọ onílé, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀.

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Òtítọ́ ni, nígbà tí ẹ̀gbin jẹ́ èèpo àti eérú. Lónìí, náílọ́ọ̀nù kì í jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni òjé inú bátìrì lè ba ilẹ̀ tí a ń gbin ẹ̀fọ́ sí jẹ́. Ààtàn ìgbà tiwa gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń kọ nǹkan.

Nítorí náà, mo dá àbá mẹ́ta. Èkíní, kí olúkúlùkù ilé ní apẹ̀rẹ̀ méjì, ọ̀kan fún ohun tó ń jẹrà, èkejì fún èyí tí kì í jẹrà. Èkejì, kí a kó èyí tó ń jẹrà jọ sábẹ́ ibòji pẹ̀lú ewé gbígbẹ, kí a máa wọ́n omi sí i, kí a máa yí i fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Bí ilé ìtura tàbí ọ́fíìsì Àpápá bá fún wa ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, kí ó má ju ìdá kan nínú márùn-ún òkìtì náà lọ. Ẹ̀kẹta, kí a kó o fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní ìhà Ọ̀jọ́. Kì í ṣe àlá lásán: ní àwọn ọdún 1990, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Bódìjà, Ìbàdàn, tí ó ń fi ìdọ̀tí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù ṣe ajílẹ̀.

Ẹ̀fọ́ tí ará Amukòkò ń rà lọ́jà, ilẹ̀ ló ti wá. Èèpo rẹ̀ ni gbèsè tí a jẹ ilẹ̀. Kò yẹ kí a máa san án fún gọ́tà.